Ṣé kí n ra ẹ̀rọ yìnyín tòkunbọ̀ tó ń lo gáàsì 22?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yìnyín ni mò ń ṣe tà ní Akúrẹ́, àwọn tó ń kó ẹja bọ̀ láti Igbókọ̀dá ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ẹ̀rọ kan ni mo ní. Gáàsì 22 (R22), èyí tó ń mú ẹ̀rọ tutù, ló ń lò, ọdọọdún la sì ń rọ gáàsì kún un. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kejì fún mi, 22 ni òun náà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní wọ́n ti fòfin de gáàsì yìí, pé èyí tí mo ní gan-an yóò di ohun àgbédànù. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Èyí tó wà nílé ńkọ́? Ẹ máa lò ó lọ. Gáàsì tuntun tó ń wọ orílẹ̀-èdè ni àdéhùn àgbáyé ń gé kù, kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ dànù. Ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín ni “ọdọọdún la ń rọ gáàsì”. A ó padà sórí ìyẹn.

Àdéhùn Montreal ni wọ́n ń sọ. 16 Oṣù Kẹsàn-án 1987 ni wọ́n fọwọ́ sí i, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní 1988. Kílóríìnì wà nínú gáàsì 22. Bó bá jò, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gòkè títí dé ìpele ósóònù tó ń gba ìtànṣán búburú oòrùn dúró fún wa, níbi tí kílóríìnì ti ń fọ́ ósóònù. Gáàsì 12 inú fíríìjì àtijọ́ burú jù ú lọ fíìfíì, ìyẹn ni wọ́n fi kọ́kọ́ lé e jáde, tí òpin sì dé bá a ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní 2010.

Ti 22 àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń lọ ní ìpele-ìpele. Ẹ jẹ́ ká pe ìpíndọ́gba ohun tí orílẹ̀-èdè kan lò ní 2009 àti 2010 ní 100. Ní 2013, kò gbọdọ̀ ju 100 náà lọ. Ní 2015 ó di 90, ní 2020 ó di 65. Láti 2025 títí di òpin 2029, 32.5 péré ni. Láti 2030, 2.5 lọ́dún ní ìpíndọ́gba ló kù títí di 2040, pàápàá fún títún ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ ṣe. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹ̀rọ tí ẹ bá rà lónìí, tí ẹ retí kó lo ọdún mẹ́wàá, ìgbà tí gáàsì rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórílẹ̀-èdè ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lágbedeméjì ayé rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kì í ṣe kílò gáàsì ni wọ́n ń kà, ìwọ̀n ìbàjẹ́ tó lè ṣe ni. Ti 22 jẹ́ 0.055. Ti 141b, èyí tí àwọn tó ń ṣe fóòmù líle sí ara fíríìsà àti kúlà fi ń mú fóòmù wú, jẹ́ 0.11, ìlọ́po méjì gééré. Nítorí náà, kílò kan 141b tó bá wọlé, àyè kílò méjì 22 ló jẹ. Onífóòmù tó bá kúrò lórí 141b ti yọ̀ǹda àyè fún ẹ̀yin oníyìnyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò mọra.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí jíjò. Gáàsì kì í tán bí epo bẹntiróòlù. Bó bá dínkù, ó jò ni, ẹni tó bá sì kàn rọ òmíràn lé e kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń fura sí lára ẹ̀rọ yìnyín alámọ́ọ̀lù (èyí tó ń dì omi nínú mọ́ọ̀lù tí a rì sínú omi iyọ̀) ni páìpù tó rì sínú omi iyọ̀, nítorí iyọ̀ máa ń jẹ ẹ́. Ihò ibẹ̀ léwu ju ti ibòmíràn lọ: bí gáàsì bá lọ sílẹ̀ jù, tí kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀ sì ń fà, omi iyọ̀ náà ni yóò fà wọlé, kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀ ti kú nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú nọ́ọ̀tì, ojú ibi tí wọ́n jó, àti ẹnu fáàfù tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì. Níbi tí ọ́ìlì bá ti rin, gáàsì ń gba ibẹ̀ jáde.

Kí ẹni tó ń ṣe é fa gáàsì tó kù sínú sílíńdà tí a ṣe fún un, kó má tú u sáfẹ́fẹ́. Kó wá fi náítírójìn tẹ páìpù dé nǹkan bíi 150 psi (òṣùwọ̀n agbára ìtẹ̀ gáàsì), láì kọjá ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, kó sì fi omi ọṣẹ pa ojú gbogbo oríkèé. Ọ́síjìn kọ́ o! Ọ́síjìn bá ọ́ìlì pàdé nínú páìpù, ó lè bú gbàù. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ooru òru bá fi 10°C dínkù sí ti ọ̀sán, géèjì yóò fi bíi 5 psi wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe jíjò. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún wá a. Lẹ́yìn tí ẹ bá dí i, pọ́ǹpù ni kó fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde títí géèjì rẹ̀ yóò fi kà 500 máíkírọ́ọ̀nù (òṣùwọ̀n bí inú páìpù ṣe ṣófo tó). Kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Omi tó bá ṣẹ́kù yóò di yìnyín lẹ́nu fáàfù, tàbí kó bá gáàsì di ásíìdì tó ń jẹ wáyà inú kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀. Orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti rọ gáàsì, ní iye kílò tó wà lára ẹ̀rọ.

Bí 22 ṣe ń wọ́n, ayédèrú ń pọ̀. Ẹ gbé sílíńdà sí ibòji fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ tó fi géèjì sí i. Ní 30°C, 22 gidi yóò kà nǹkan bíi 158 psi, 134a, gáàsì fíríìjì mìíràn, á kà bíi 97, gáàsì 290 (propéènì) tó ń gbiná á sì kà bíi 142. Ẹ gbọ́dọ̀ fi tẹmómítà kan ara sílíńdà o, nítorí 22 gidi náà máa ń kà bíi 142 ní nǹkan bíi 26°C. Láìsí tẹmómítà, géèjì lè tàn yín jẹ.

Ẹlòmíràn á ní òun yóò rọ 290 sínú ẹ̀rọ 22 yín, pé ó tutù dáadáa. Ó tutù lóòótọ́. Àmọ́ iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ ń mú kí súwíìṣì ẹ̀rọ máa ṣẹ́ná, gáàsì yìí sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń kó jọ sí, iná kékeré yẹn sì lè ràn án. Èmi kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì kọ́ fún 290 nìkan ni kó lò ó.

Tí owó bá wá wà fún ẹ̀rọ kejì, ẹ ka pátákó ara rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ẹ má torí pé ẹ̀ ń sá fún 22 kí ẹ lọ kó sọ́wọ́ 404A, gáàsì ẹ̀rọ òtútù mìíràn. Kò ní kílóríìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó ń dá sáyé fi ìgbà 3,900 ju ti kábónì dáyọ́síàìdì lọ, Àtúnṣe Kigali ti 2016, tí wọ́n ṣe sí Àdéhùn Montreal, sì ti mú un àti àwọn ẹbí rẹ̀: láti 2024 ni iye rẹ̀ kò ti gbọdọ̀ pọ̀ sí i mọ́ fún wa, 2029 ni wọn yóò gé 10 kúrò nínú 100. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kọ́ fún 290 ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni, amóníà ni, pẹ̀lú páìpù irin, torí amóníà ń jẹ bàbà, olóró sì ni.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ àtijọ́ yín bá sì kú, gáàsì inú rẹ̀ ti di ọjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á sínú sílíńdà tó ṣeé tún lò, kó má kún ju ìdá 80 nínú 100, torí gáàsì olómi máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú.