Ṣé Ẹgbẹ́ Kan Ṣoṣo Ni Àwọn Àtúnbí Amẹ́ríkà Ń Dìbò Fún?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Arákùnrin kan ní ìjọ wa sọ pé gbogbo Kristẹni àtúnbí ní Amẹ́ríkà ló ń dìbò fún ẹgbẹ́ Republican. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé, Èbúté-Mẹ́ta.

Ìdáhùn: Rárá o, kò sì rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1976, ọ̀pọ̀ wọn dìbò fún Jimmy Carter ti ẹgbẹ́ Democrat, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oníwàásù Jerry Falwell dá Moral Majority, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tó ń dá sí òṣèlú, sílẹ̀ ní 1979, tí àríyànjiyàn lórí oyún ṣíṣẹ́ sì gbóná, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun nínú wọn yí sọ́dọ̀ Ronald Reagan ti ẹgbẹ́ Republican ní 1980. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ Christian Coalition ń pín ìwé pélébé ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n to èrò àwọn olùdíje sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní 2016, nǹkan bí 8 nínú 10 àwọn aláwọ̀ funfun yìí ló dìbò fún Donald Trump.

Àwọn tó dùn mí pé a máa ń gbàgbé ni àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń wàásù àtúnbí láti inú Bíbélì kan náà, síbẹ̀ tó jẹ́ pé Democrat ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń dìbò fún, pàápàá láti ìgbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson ti ẹgbẹ́ Democrat ti fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1965.