Ẹ̀wà tí kòkòrò kò jẹ, ṣé GMO ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́ínmọ́ín ni mo ń tà ní Sábó, Ìkòròdú. Oníbàárà mi kan ní ẹ̀wà tí kòkòrò kì í jẹ, GMO ni, pé wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà. Ó ní òróró sóyà àti ọṣẹ oníyẹ̀fun náà wà lára nǹkan GMO. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀? Tí mo bá rẹ ẹ̀wà náà sómi, ṣé á jáde?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀wà ṣáájú, torí òun lowó yín wà lára rẹ̀.

Ẹ̀wà GMO wà ní Nàìjíríà lóòótọ́. SAMPEA 20-T ni wọ́n ń pè é, NBMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ GMO, sì fọwọ́ sí i ní 2019. Wọ́n mú àbùdá (jíìnì) kan lára bakitéríà inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bt, wọ́n fi sínú ẹ̀wà, kí ìdin Maruca tó ń jẹ òdòdó àti apó ẹ̀wà má baà rí i jẹ. Ìdin inú oko ni mo wí o. Kòkòrò tó ń lu ihò sára ẹ̀wà nínú àpò, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àbùdá yẹn kò lè mú un, á jẹ ẹ̀wà GMO bó ṣe ń jẹ olóyin.

Tí ẹ̀wà bá pẹ́ lọ́dọ̀ alájàpá tí kòkòrò kan kò sí níbẹ̀, ẹ bi í léèrè bó ṣe tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ àpò alápá mẹ́ta ló lò: ọ̀rá méjì nínú, àpò lẹ́yìn, wọ́n á dì í pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kòkòrò á kú sínú rẹ̀. Ìyẹn dáa. Ó sì lè jẹ́ dichlorvos, òògùn apakòkòrò tó wà nínú ọtapíápíá, ló wọ́n sí i. Irú òògùn yìí ló mú kí Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa ní 2015, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe GMO. Tí ẹ̀wà bá ń rùn bíi kẹ́míkà, ẹ má rà á. Bí kò bá sì rùn, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ bó o, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù, á dín èyí tó wà lára èèpo kù, àmọ́ kò lè kó o tán.

Ti GMO, omi kò lè yọ ọ́, inú èso ẹ̀wà gan-an ló wà. Ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀, àfi àyẹ̀wò. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní àwọn oúnjẹ GMO tó wà lọ́jà àgbáyé ti yege àyẹ̀wò ààbò. Ẹni tí ẹ̀wà kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ jẹ èyí náà o.

Òróró sóyà ńkọ́? Sóyà tó ń wá láti Amẹ́ríkà, Brazil àti Argentina, GMO ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fọ òróró náà mọ́, purotéènì àti àbùdá inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà kò ní GMO lọ́jà. Òfin ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ GMO sára ike, àmọ́ òróró tí wọ́n ń wọ̀n sí ìgò nínú ọjà, ibo ni wọ́n á kọ ọ́ sí?

Nínú ọṣẹ oníyẹ̀fun, ẹ́ńsáìmù (irú purotéènì kan tó ń fọ́ ìdọ̀tí sí wẹ́wẹ́) ló ń jẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, ẹyin àti ọ̀rá. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ló sábà máa ń ṣe é, wọ́n á wá sẹ́ kòkòrò náà kúrò. Ẹ má da omi híhó sí i, iṣẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tó. Ọṣẹ dúdú yín kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: eérú àti epo ni.