Fódà tuntun kì í kó fáìlì àtijọ́ lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ohun tí mo bá kọ nínú Word, inú fódà Documents lórí díráìfù C ló ń lọ, C sì ti fẹ́ẹ̀ kún. Mo yí ibi ìpamọ́ sí fódà kan lórí D, síbẹ̀ àwọn fáìlì mi ò kúrò lójú kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ Word kúrò, kí n tún un gbé kalẹ̀ sórí D. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ nǹkan kan. Ibi tí Word fúnra rẹ̀ wà kò kan ibi tí iṣẹ́ yín ń sùn. Ẹ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ò ní yí padà.

Ohun tí ẹ ṣe dára. Ohun tí ẹ ń retí ni kò sí níbẹ̀. Ètò yẹn kì í ṣe alágbàárù. Gbogbo ohun tó ń sọ fún Word ni pé: bí wọ́n bá fẹ́ fi ìwé tuntun pamọ́, ibí ni kí o kọ́kọ́ nà sí wọn. Fáìlì tó ti nílé, ilé rẹ̀ náà ló ń padà sí. Ẹ ṣí lẹ́tà oṣù tó kọjá láti orí C, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú S: orí C náà ló máa wà, kò tiẹ̀ ní bi yín léèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pariwo fún mi pé "kò ṣiṣẹ́". Ó ṣiṣẹ́ o! Ẹ pa Word, ẹ tún un ṣí, ẹ mú ìwé òfìfo, ẹ tẹ F12 kí fèrèsé Save As ṣí, kí ẹ wo orúkọ fódà tó yọ lókè.

Tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ padà sí File, Options, Save. Ẹ wo "Default local file location" dáadáa, kí ẹ sì fàmì sí "Save to Computer by default", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ní LibreOffice, ètò ìkọ̀wé mìíràn bíi Word, abẹ́ Tools, Options, Paths ló wà. Ẹ má fi fláàṣì ṣe ibi ìpamọ́ yìí. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọ́, Word ò ní rí ọ̀nà.

Fáìlì àtijọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ni ẹ ó fi kó o. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí D, ẹ ṣí bíi mẹ́ta wò níbẹ̀, kí ẹ tó pa ti C rẹ́. Kọ̀ǹpútà yín ò sí níwájú mi, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ lẹ́tà kì í sábà kún C. Ẹ yẹ Downloads àti fídíò wò. Ẹ sì da ohun tó wà nínú Recycle Bin nù, níbi tí fáìlì tí ẹ pa rẹ́ ń lọ, torí ó ṣì ń gba ààyè.