Rédíò kan sọ̀rọ̀ ní Ìkòròdú, ó dákẹ́: báwo la ṣe máa rí ìtàn ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ṣábọ̀ ní Ìkòròdú ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó máa tó 1990, rédíò kan wà tá a máa ń gbọ́ nírọ̀lẹ́, mi ò rò pé ó lo ọdún kan tí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n máa ń kéde òkú àti ìpàdé ẹgbẹ́, kódà wọ́n kéde òkú ìyá ìyá mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé Voice of Nigeria la gbọ́. Mi ò rántí orúkọ ẹ̀. Mo fẹ́ kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ọmọ Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an ni, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, ohùn tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ lójoojúmọ́, tó bá ti dákẹ́ báyìí kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n yín ò kàn dédé sọ̀rọ̀ o. Voice of Nigeria (VON) ní ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ohùn jáde ní Ìkòròdú lóòótọ́, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì lágbára débi pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí ẹ̀, tó ní rédíò kékeré, lè máa gbọ́ ọ níbi tí kò wá a sí rárá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè òkun ni VON ń bá sọ̀rọ̀ lórí ṣọ́ọ̀tì wéèfù, ìyẹn ìgbì rédíò tó máa ń rìn jìnnà, kí ló kàn wọ́n nínú òkú ìyá àgbà kan ní Ṣábọ̀? Tó bá dá yín lójú pé ẹ gbọ́ ìkéde yẹn níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre.

Ọdún tí ẹ dá yẹn ni mi ò tíì gbà. 1992 nìjọba ṣe òfin tó dá NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀ tó sì jẹ́ kí aládàáni lè ní rédíò, Raypower 100.5 tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn, 1994 ló bẹ̀rẹ̀. Torí náà, yálà rédíò ìjọba lẹ gbọ́, bíi Radio Lagos tó ti wà láti 1977, àbí ọdún yẹn ti yẹ̀ lọ́kàn yín. Ẹ má tíì lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ẹ wá pósítà òkú ìyá àgbà, torí ọjọ́ tó bá wà lára ẹ̀ nìkan lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé rédíò yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó lọ sanwó ìkéde ńkọ́? Wọ́n á ti já rìsíìtì fún un, orúkọ ilé iṣẹ́ á sì wà lórí ẹ̀, ẹ bá mi tú àpótí àwọn àgbà ilé yín dáadáa.

Tí ẹ bá ń bi àwọn ìyá ọjà àtàwọn tó ń tún rédíò ṣe, ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo ni. Ẹ bi wọ́n pé ṣé kí wọ́n tó dìbò June 12 ni àbí lẹ́yìn ẹ̀, ṣé Abacha ti kú nígbà yẹn, ọmọ wo ni wọ́n ń pọ̀n, apá ibo ni wọ́n máa ń yí nọ́ńbà rédíò sí. Ẹ tètè ṣe é, àwọn àgbà yìí ń lọ.

Lẹ́yìn náà lẹ máa wá kọ lẹ́tà sí NBC, òfin FOI ti 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ àjọ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹ wo ìwé ìròyìn àtijọ́ ní Láíbírì Orílẹ̀-èdè ní Yábà, kí ẹ sì wá World Radio TV Handbook ti àwọn ọdún yẹn, ìwé tó ti ń jáde láti 1947, tó máa ń to rédíò orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà wọn.

Tẹ́nì kan bá ní kásẹ́ẹ̀tì tó fi gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti hu funfun nínú, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ kankan, ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá sì rí rìsíìtì yẹn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.