Òwe "Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná": ìgbà wo ló yẹ ká pa á?

Ìbéèrè: Nígbàkígbà tí mo bá sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún mi, àwọn èèyàn á ní "bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré." Ṣé kí n panu mọ́ ni wọ́n ń wí?

Ìdáhùn: Rárá o. Wọ́n ń pa òwe náà ṣáájú àsìkò rẹ̀ ni. Ìparí ẹjọ́ ni ipò rẹ̀.

Àgbà tó mọ ìjà parí á pe ẹni méjèèjì jókòó. Ẹni tó fẹjọ́ sùn á kọ́kọ́ rojọ́, ẹnikẹ́ni ò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kejì á wá wí tẹnu tirẹ̀, torí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àgbà á sọ ibi tí kálukú ti jẹ̀bi, ẹni tó ṣẹ̀ á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á bẹ̀bẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ṣì ń fajú ro lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà yẹn ni wọ́n ń pa òwe yìí fún un. Ẹni tí wọ́n bá pa á fún kó tó rojọ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n dì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ àwo tí wọn ò fọ̀ á dìjà, ẹ ó sì gbọ́: "Ṣebí ìwọ náà lo tàbùkù mi níbi ìsìnkú Bàbá!"

"Àná" ni òwe náà wí. Lílù, bíbú, owó yín tó ṣì ń kó jẹ, ọ̀rọ̀ òní nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe dáwọ́ dúró, kí ẹ sì jìnnà sí i bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti kọjá lóòótọ́, ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní pàtó kí ẹ tó fi jì í. "Ó ṣe mí níkà" kò tó. "Ó yá owó lọ́wọ́ mi, ó sì sẹ́ níwájú ìyá wa": ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ lè fi irọ́ jì í kí ẹ sì gba owó yín, àfi tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ pé ẹ ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdáríjì kò sì ní kí ẹ tún fi owó pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀bẹ̀ lè má wá láé, pàápàá bí ẹni náà bá ti kú. Ẹ rojọ́ náà délẹ̀ fún ẹnìkan tó lè pa àṣírí mọ́, kí ẹ má sì máa rò ó káàkiri mọ́, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un rò ni inú yín á tún máa ru. Orúkọ rẹ̀ ṣì lè dùn yín létí fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn ò sọ pé ẹ kò tíì dárí jì í. Ẹ wo ìṣe yín: ṣé ẹ ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára, ṣé ẹ ṣì ń wá bí nǹkan á ṣe bàjẹ́ fún un? Bí ìyẹn bá ti tán, ẹ ti dárí jì í, kódà bí ẹ kò tíì lè jókòó jẹun pọ̀.