Ṣé "womb" ló wà nínú "woman"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Alága ìjókòó ni mí. Mo máa ń gbọ́ níbi ìgbéyàwó pé "womb" àti "man" ló di "woman", ìyẹn ọkùnrin tó ní ilé ọmọ. Mo fẹ́ fi yin ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé ó tọ́?

ÌDÁHÙN: Kò tọ́. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń bí mi nínú o. Àwọn tó ń gbé e gorí pẹpẹ láìyẹ ìwé atúmọ̀ èdè kankan wò ni.

Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ lóòótọ́. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "wīfmann" ni wọ́n ń pè é ní England. "Wīf" ni obìnrin, yálà ó lọ́kọ àbí kò lọ́kọ. (Ìyàwó ta ni agbẹ̀bí tí wọ́n fi ń pè é ní "midwife"?) "Mann" ni ènìyàn, takọtabo. Ibi tí gbogbo wọn ti ń ṣìnà nìyẹn: "mann" kò tíì di orúkọ ọkùnrin nìkan nígbà náà. "Wer" ni wọ́n ń pe ọkùnrin. Òun ló wà nínú "werewolf", ọkùnrin tó ń di ìkookò. Torí náà, obìnrin kì í ṣe ọkùnrin tí wọ́n fi nǹkan kún lára. Ènìyàn ni látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí wà lẹ́nu yín. Ẹ pe "women" sókè. "Wímìn" lẹ gbọ́, àbí? "O" la kọ, "i" la pè. "I" inú "wīf" nìyẹn, kò tíì lọ. "F" ti wọnú "m", ó di "wimman". Nígbà tó yá, "w" iwájú fa "i" inú ọ̀rọ̀ tó dúró fún obìnrin kan ṣoṣo, ó di "wúmàn". Bó bá jẹ́ "womb" ni, níbo ni "i" ti wá? "Womb" fúnra rẹ̀, ikùn ló ń jẹ́ nígbà yẹn, títí kan ikùn ọkùnrin.

Ẹnì kan á fi Jẹ́nẹ́sísì 2:23 kò yín lójú, pé ara ọkùnrin ni wọ́n ti mú obìnrin jáde. Èdè Hébérù ni wọ́n fi kọ ọ́: "ish" (ọkùnrin) àti "ishah" (obìnrin) ló jọra níbẹ̀, kò kan Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ní ti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ẹ bi pásítọ̀ yín. Èdè ni iṣẹ́ tèmi.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yin ọmọ náà, ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè oríkì rẹ̀ kí Sátidé tó pé, kẹ́ ẹ sì kì í dáadáa.