Àpáàdì àti ìdàrọ́ lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Èmi ni akọ̀wé kọpurétíìfù àwa Yorùbá kan ní Gwagwalada. A ra hẹ́kítà mẹ́fà lápá Kwali, níbi tí abúlé Gbagyi kan ti wà rí, a sì fẹ́ gé e sí púlọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Níbi tí katapílà ti ń la ọ̀nà ló ti hú èéfọ́ ìkòkò rẹpẹtẹ jáde, pẹ̀lú àwọn òkúta dúdú oníhò wẹ́wẹ́. Òṣìṣẹ́ kan tún ṣa ohun tó jọ ẹsẹ̀ ère amọ̀. Àwọn kan ní ká bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìjọba má baà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹnì kan ní òun mọ ẹni tí yóò ra ẹsẹ̀ ère náà. Iṣẹ́ ti dúró láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, akọ̀wé. Mo mọ̀ pé owó katapílà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ dá dúró yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe. Ẹ ní kí awakọ̀ gbé e jìnnà síbẹ̀, kó má sì tún gba orí ibẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ onírin yẹn máa ń fọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ láìtíì gbẹ́ ilẹ̀ rárá.

Òkúta dúdú tí ẹ wí, bó bá wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ìdàrọ́ ni, pàǹtírí tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ́ irin. Kò yà mí lẹ́nu ní àyíká Abuja. Ní Taruga, lápá gúúsù ìlà-oòrùn ìlú náà, awalẹ̀pìtàn Bernard Fagg walẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó sì bá ìléru irin tó lé ní mẹ́wàá níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ère amọ̀ irú ti Nok, àwọn ará àtijọ́ tí ère amọ̀ wọn lókìkí. Èédú tó kù nínú ìléru ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ti lé ní ẹgbàá ọdún tí wọ́n ti ń yọ́ irin níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i: èédú ló sọ̀rọ̀. Ère kì í sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú erùpẹ̀, àti bó ṣe jìn tó, la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dùn mí bí wọ́n bá yára fọ nǹkan. Mo dé ibi iṣẹ́ kan báyìí, mo bá ọmọkùnrin kan nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ àti kànìnkànìn onírin bó orí ère kan. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun ń tún un ṣe kí ọ̀gá lè rí i dáadáa. Èédú tó ti há sínú ihò imú ère yẹn ni mo rí tó ń léfòó lójú omi. N kò bínú sí i, ta ló kọ́ ọ?

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àpáàdì ló ti pẹ́ o. Kwali ni ẹ wà, ìlú Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ìkòkò tó fọ́ níbẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn lè pọ̀ nínú ilẹ̀ yín. Ohun tó mú mi dúró lórí ọ̀rọ̀ yín ni pé àpáàdì, ìdàrọ́ àti ère jáde lójú kan náà.

Ní ti ẹ̀rù ilẹ̀: òótọ́ ni pé òfin fàyè gba kí wọ́n kéde ibi kan ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, àmọ́ n kò tíì rí ẹgbẹ́ tó pàdánù ilẹ̀ nítorí èéfọ́ ìkòkò. Títà ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Òfin 77 ti ọdún 1979, èyí tó dá NCMM sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi àjọ náà tàbí ẹni tó fún láṣẹ. Kò sì gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìní ìwé àṣẹ. Ẹ dá ẹni tó mọ oníbàárà yẹn lẹ́kun. Kí ẹ kọ lẹ́tà sí NCMM lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi fọ́tò àti púláànù ilẹ̀ sí i, kí ẹ sì ní kí wọ́n bu òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ṣe é: ní Dufuna, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, darandaran Fúlàní kan tó ń gbẹ́ kànga lọ́dún 1987 ló kan ọkọ̀ ojú omi tó ti wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ mí lára jù ni púláànù. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 sọ àyẹ̀wò di dandan fún ilé gbígbé tó bá tó hẹ́kítà 50. Mẹ́fà ni tiyín, ọwọ́ yín ló wà. Kí ìwé má tíì jáde lẹ́nu òǹtẹ̀, ẹ gba awalẹ̀pìtàn kan kó gbẹ́ ihò kéékèèké, mítà kan ní ìbú àti ní òró, káàkiri ilẹ̀ náà. Ọjọ́ mélòó kan ló máa gbà. Ó lè jẹ́ pé igun kan péré ni gbogbo nǹkan kó jọ sí.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí ọ̀nà kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì sọ igun náà di ibi ìṣeré tàbí pápá. Ẹ ṣáà ní láti fi ibì kan sílẹ̀ láìkọ́lé. Ẹ fi aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá tẹ́ ẹ, ẹ da yanrìn mímọ́ lé e, lẹ́yìn náà erùpẹ̀ àti koríko. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń jìn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Kànga kò gbọdọ̀ sí, sọ́kàwéè kò sì gbọdọ̀ sí. Sọ́kàwéè ni mo bẹ̀rù jù: ó jìn ju ìpìlẹ̀ ilé lọ, ẹni tó ni púlọ́ọ̀tì sì máa ń pe agbẹ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ̀yin aláṣẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fún olúkúlùkù.

Bí kò bá sí lórí ìwé, orúkọ lásán kì í dáàbò bo nǹkan. Ọdún 1959 ni wọ́n ti kéde odi ìlú Kano ní ohun ìrántí, síbẹ̀ àwọn èèyàn bu erùpẹ̀ rẹ̀ mọ ilé, wọ́n sì kọ́lé sí ojú àyè rẹ̀.

Ẹ mú obì lọ bá àwọn àgbà Gbagyi tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n sin òkú sí àti ibi ojúbọ. Wọ́n mọ ohun tí ihò mítà kan lè fò dá.

Ẹsẹ̀ ère yẹn ńkọ́? Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ọ̀rá dì í, nítorí inú ọ̀rá máa ń làágùn. Ẹ fi ìwé ìròyìn gbígbẹ wé e sínú páálí, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Kí òṣìṣẹ́ tó rí i mú igi kan lọ rì mọ́ ojú ibẹ̀ gan-an lónìí, kí òjò tó pa ojú ihò náà rẹ́.